Ẹjọ́ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ní Oníkàn: no-ball, kípà àti ẹsẹ̀ tó jáde nílé

Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì kan, ikọ̀ Yaba ń lé rọ́ọ̀nù 119. Wọ́n ti kó 117, ènìyàn mẹ́jọ nínú wọn ti jáde, bọ́ọ̀lù kan péré ló sì ṣẹ́kù nínú ogún ófà wọn, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ní ófà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí rọ́ọ̀nù méjì, wọ́n borí. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, ọ̀mì ni. Ajubọ́ọ̀lù ikọ̀ Áílàndì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù, rìn wá díẹ̀, ó sì jù ú. Oníbáàtì jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù, ó fi gbogbo agbára fì báàtì, kò bà á. Kípà tó ti lúgọ sẹ́yìn igi mẹ́ta gba bọ́ọ̀lù mú, ó fi gbá igi, bẹ́ẹ̀lì méjèèjì, igi kéékèèké orí rẹ̀, fò dànù. "Háúsáàtì!" Bí wọ́n ṣe ń bi ọ́ńpáyà bóyá oníbáàtì ti jáde nìyẹn. Ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ na ìka sókè lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni pé ó jáde. Àwọn ará Áílàndì ti ń dì mọ́ra wọn kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí ọ́ńpáyà kejì, ẹni tó wà nídìí ajubọ́ọ̀lù. Apá rẹ̀ ṣì nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́. No-ball ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lọ́nà tí kò bófin mu.

Èmi ni mo ń kọ ìwé rọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀ àtàwọn tí kò sí níbẹ̀, bí oníkálukú sì ṣe ń sọ ọ́ kò jọra. Àwọn kan ní ọ́ńpáyà ja Áílàndì lólè. Àwọn kan ní òfin ṣe kedere, kò sí ohun tó yẹ ká máa jiyàn lé lórí. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹjọ́ náà le, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọ́ńpáyà mọ ibi tó ti le gan-an, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí kọ́ ni.

Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Tafawa Balewa Square ni a wà. Race Course ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà láyé àwọn òyìnbó, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960. Nílẹ̀ Nàìjíríà wa yìí náà ni ikọ̀ Nàìjíríà ti kó 271 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí wọ́n sì lé gbogbo ikọ̀ Ivory Coast jáde ní 7. Ẹ kà á dáadáa: méje, kì í ṣe àádọ́rin. Eré tiwa kò dé ibẹ̀ yẹn. Eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni, ikọ̀ kan láti Yaba, ikọ̀ kan láti Áílàndì, ogún ófà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí kámẹ́rà, kò sí ọ́ńpáyà kẹta tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ayẹyẹ kan sì ń lọ lápá kejì ọgbà náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ń bú ramúramù, àwọn ọkọ̀ tó ń ti CMS bọ̀ náà ń fọn fèrè bí ìṣe wọn. Ẹ fi ariwo yìí sọ́kàn, ó wà lára ẹjọ́.

Balógun ikọ̀ Áílàndì ló kọ́kọ́ sá lọ bá ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti na ìka sókè. Ó ti tán nìyẹn!" Láti ibi ìjókòó, bàbá kan tó ti ń gbá eré yìí láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń bá Yaba gbá, ń pariwo pé, "Ẹ ò lè stump èèyàn lórí no-ball! Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé!" Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Áílàndì kan dá a lóhùn. "Bàbá, ẹ má bínú, sà. Stumped kọ́ là ń sọ. Run out ni, run out sì wà lórí no-ball."

Òtítọ́ ni bàbá sọ, òtítọ́ sì ni ọmọkùnrin náà sọ. Stumped ni kí kípà fọ́ igi nígbà tí oníbáàtì jáde nílé rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yìn ìlà tó wà níwájú igi, láìjẹ́ pé ó ń sáré. Run out ni kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣọ́ pápá fọ́ igi nígbà tí oníbáàtì wà lóde, pàápàá nígbà tó ń sáré gba rọ́ọ̀nù. Ẹnìkan tún wà níbẹ̀, tìkọ̀ Yaba ni, tó ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ run out, àwọn ará Áílàndì kò bèèrè fún run out, stumped ni wọ́n ń bèèrè fún. Ti ẹni yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká tètè yọ ọ́ kúrò lọ́nà. Òfin 31 sọ pé igbe "Háúsáàtì" kan ṣoṣo kárí gbogbo ọ̀nà tí oníbáàtì lè gbà jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀nà tó ní lọ́kàn. Bí kò bá sí igbe rárá, ọ́ńpáyà kò ní na ìka, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ti ké, iṣẹ́ ọ́ńpáyà ni láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ẹsẹ̀ ajubọ́ọ̀lù. Bí kò bá sí no-ball, kò sí ẹjọ́: stumped ni, oníbáàtì á máa lọ, Áílàndì á fi rọ́ọ̀nù kan borí. Òfin 21 sọ pé nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ajubọ́ọ̀lù bá balẹ̀, apá kan lára ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìlà iwájú, yálà ó fara kan ilẹ̀ tàbí ó wà lókè. Ìlà yẹn fi mítà 1.22 jìnnà sí ìlà tí igi mẹ́ta wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré wa kò mọ̀ ni pé etí ẹ̀yìn ẹfun tí a fi fa ìlà náà ni òfin kà sí ìlà. Ẹfun fúnra rẹ̀ kò sí lára ilé. Gìgísẹ̀ tó bá wà lórí ẹfun nìkan kò tíì wà lẹ́yìn ohunkóhun.

Ajubọ́ọ̀lù náà kò mọ̀. Ó dúró ti ọ́ńpáyà, ó ń tọ́ka sílẹ̀. "Sà, gìgísẹ̀ mi wà lórí ìlà o! Ẹ wò ó, orí ìlà!" Ó rò pé òun ń gbèjà ara òun ni. Ọ́ńpáyà kàn mi orí, mo sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan tún wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíyè sí. Bí ọ́ńpáyà kò bá dá ara rẹ̀ lójú pé ẹsẹ̀ ajubọ́ọ̀lù wà níbi tó yẹ, no-ball ni kó pè. Ní ti háúsáàtì, bí iyèméjì bá ṣì kù lẹ́yìn tí àwọn ọ́ńpáyà ti forí korí, not out ni. Lápá méjèèjì, oníbáàtì ni iyèméjì ń ṣe lóore. Àwọn ajubọ́ọ̀lù máa ń ráhùn nípa èyí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Rọ́ọ̀nù kan tí no-ball ń mú wá kì í dúró de ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ́ńpáyà bá ti pè é báyìí, ó ti wọ ìwé. Kí kípà tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, 117 ti di 118, ikọ̀ méjèèjì ti dọ́gba. Ká ní ẹyọ kan péré ni Yaba ń wá, eré ti parí nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọ́ńpáyà, gbogbo ohun tí kípà ṣe lẹ́yìn náà á di eré àṣedànù. Ohun tó ṣe Virender Sehwag, oníbáàtì India, ní Dambulla nìyẹn, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2010. Ó wà lórí 99. India àti Sri Lanka ti dọ́gba. Suraj Randiv ju no-ball, Sehwag gbá a kọjá ààlà fún mẹ́fà, ó sì gbé báàtì sókè. Mẹ́fà náà kò wọ ìwé. No-ball ti fún India ní ẹyọ tó kù kí báàtì rẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù, 99 náà ló fi kúrò lórí pápá. Àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn ní Oníkàn ìbá rántí rẹ̀, wọn ìbá mọ̀ pé àkókò ní ipò tirẹ̀ nínú òfin eré yìí, pé ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lè pa ohun tó tẹ̀lé e rẹ́.

Ó dáa. Ọ̀mì wà nílẹ̀, no-ball wà nílẹ̀, igi ti fọ́, oníbáàtì sì wà lóde. Ṣé ó jáde àbí kò jáde?

Lórí no-ball, ọ̀nà mẹ́ta péré ni oníbáàtì lè gbà jáde: kó mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ó ń dáàbò bo igi rẹ̀, kó dí àwọn tó ń ṣọ́ pápá lọ́wọ́, tàbí run out. Stumped kò sí níbẹ̀, bàbá ló jàre. Run out wà níbẹ̀, ọmọkùnrin náà ló jàre. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé kípà ọlọ́gbọ́n kan á sọ pé, ẹ ní n kò lè stump rẹ̀, kò burú, èmi á pe ohun kan náà ní run out. Wọ́n ti dí ihò yẹn nínú Òfin 38. Oníbáàtì tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí kò lè jẹ́ run out bí ọ́ńpáyà bá ti pe no-ball, tí oníbáàtì náà wà lóde ilé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbìyànjú láti sáré gba rọ́ọ̀nù, tó sì jẹ́ pé kípà nìkan ló fọ́ igi láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pé. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. No-ball wà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà. Kípà nìkan ló fọ́ igi, gbogbo wa la rí i. Ó wá ku ẹyọ kan: ṣé oníbáàtì ń gbìyànjú láti sáré? Kì í ṣe ìka tó lọ sókè, kì í ṣe stumped tàbí run out. Ohun tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ń wá lóde ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Ohun tí mo rí láti ìdí tábìlì wa rèé. Ó fi ẹsẹ̀ méjì jáde láti pàdé bọ́ọ̀lù, bí ẹni tó fẹ́ gbá a kọjá orí ajubọ́ọ̀lù. Báàtì lọ, bọ́ọ̀lù kọjá lábẹ́ rẹ̀. Agbára tó fi fì báàtì fà á síwájú ní ìgbésẹ̀ kan sí i. Ìgbésẹ̀ yẹn ni ìjà wà lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ yí padà, èjìká rẹ̀ tẹ̀lé e, ó sì ti ń na báàtì sẹ́yìn sí ilé nígbà tí bẹ́ẹ̀lì fò. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lápá ajubọ́ọ̀lù ti kígbe "Bọ̀!" ó sì ti sáré dé nǹkan bí ìlàjì ọ̀nà.

Ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yìí ni kóòṣì Áílàndì dúró sí. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní rọ́ọ̀nù kan péré ni Yaba ń wá lẹ́yìn no-ball. Ó ní ẹnìkejì pe oníbáàtì, ó sì sáré. Ó ní oníbáàtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé wọn ò lè stump òun, nítorí náà kí ni ì bá ṣe ju kó máa sáré lọ? Ó ní ìgbésẹ̀ kẹta yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ìsáré ni, ìgbà tó rí i pé bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ kípà ló yí padà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti gbìyànjú, ó sì jáde.

Mo gbà pé bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí sáré kó tó yí padà, lójú tèmi run out ni. Ẹni tó bá ti dáwọ́ lé rọ́ọ̀nù kò lè fi ìyípadà ọkàn sá kúrò nínú ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò bèèrè ohun tí ẹnìkejì ń ṣe. Oníbáàtì tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ni ó ń bèèrè nípa rẹ̀. Ẹnìkejì lè sáré dé Ìkòyí, ìyẹn kò sọ pé ẹni tó wà lójú ń sáré. Òfin kò sì bèèrè ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ló ń bèèrè. Ẹni tó ń sáré gba rọ́ọ̀nù kì í kọjú sẹ́yìn, kì í na báàtì sí ilé tó ti jáde wá. Ìgbésẹ̀ kẹta bá fífì báàtì dọ́gba, mo ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ayílọ́wọ́ láìmọye ìgbà: ara tó ti lọ síwájú kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn eré, nígbà tó wá mu omi nídìí tábìlì wa, oníbáàtì náà sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Kò gbọ́ no-ball. Ariwo ayẹyẹ ló gbọ́, ó sì rò pé wọ́n fẹ́ stump òun, ìbẹ̀rù ìyẹn ló fi yára yíjú padà. Ọ́ńpáyà kankan kò bi í léèrè lórí pápá, wọn kò sì nílò rẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ariwo kan náà tó jẹ́ kí ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ na ìka lásán ló gba oníbáàtì sílẹ̀. Ká ní ó gbọ́ no-ball dáadáa, ó ṣeé ṣe kó ṣe ohun tí kóòṣì sọ gan-an, kó máa sáré lọ, kípà ì bá sì ti run rẹ̀ out láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tó mọ òfin jù ì bá jáde. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan ló kù lórí pápá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Jonny Bairstow, oníbáàtì England, ní pápá Lord's, ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2023. Ó tẹ orí ba fún bọ́ọ̀lù Cameron Green, ó jẹ́ kó kọjá, ó rìn kúrò nílé lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rò pé bọ́ọ̀lù ti kú. Alex Carey, kípà Australia, ju bọ́ọ̀lù lu igi. Wọ́n ní stumped, òtítọ́ sì ni, nítorí bọ́ọ̀lù kò tíì kú, kò sáré, kípà nìkan ló ṣe é. Nísinsìnyí, ẹ fi no-ball kún un. Kò sí stumped mọ́. Run out ńkọ́? Kò gbìyànjú láti sáré, kípà nìkan ló sì fọ́ igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ló ti jù ú. Bairstow ì bá padà sí ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní Carey ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó wà ní slip, nítòsí kípà, tí onítọ̀hún sì fi lu igi ńkọ́? Ọwọ́ ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀, ààbò òfin ti ká kúrò lórí rẹ̀, run out ni, kódà bí kò bá fẹ́ sáré rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ kípà àti ọwọ́ ẹni tó dúró tì í kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bóyá èèyàn á kù tàbí á lọ.

Ká ní kípà Áílàndì mọ èyí ni, ó yẹ kó ti ju bọ́ọ̀lù fún slip rẹ̀. Àyè wà. Kò ṣe é, nítorí òun náà kò gbọ́ no-ball.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìka tó ti lọ sókè. Balógun Áílàndì ń sọ káàkiri pé ọ́ńpáyà kan fagi lé ìdájọ́ ọ́ńpáyà kejì, pé irú rẹ̀ kò tọ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ni, èmi náà á bá a bínú. Stumped àti run out tó bá ṣẹlẹ̀ lápá oníbáàtì, ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ ló ni ẹjọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ńpáyà ìdí ajubọ́ọ̀lù kígbe "dead ball" nígbà tó rí i pé àwọn ikọ̀ méjèèjì ti dáwọ́ dúró nítorí ìka náà, ó rìn lọ bá ẹnìkejì rẹ̀, ó sì sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, mo pe no-ball."

"O pè é? N kò gbọ́."

"Mo pè é, apá mi ṣì nà báyìí. Ẹ̀yin lẹ rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń sáré ni?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ ní, "Rárá. Ó ń padà sílé ni." Ó sì fúnra rẹ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí wa, ó fi àmì hàn pé òun ti yí ìdájọ́ òun padà. Òfin 2 gbà á láyè, bí kò bá ti pẹ́ jù kó tó ṣe é. Ìjíròrò náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Lójú tèmi, ibi tó dára jùlọ nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà nìyẹn: èyí àbúrò kò pàṣẹ fún àgbà, èyí àgbà kò sì jẹ́ kí ojú tì í débi tí yóò fi dúró lórí ohun tó ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa bu ẹnu àtẹ́ lù ni pé ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ yára jù. Ìwò ojú kan sápá ẹnìkejì rẹ̀ kó tó na ìka ì bá ti pa gbogbo ariwo yẹn mọ́lẹ̀.

Nínú ìwé mi, rọ́ọ̀nù kan péré ni mo kọ fún bọ́ọ̀lù náà, ti no-ball. Ìsáré ẹnìkejì kò wọlé. Kò parí, wọn kò sì kọjá ara wọn. 118, mẹ́jọ jáde, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ṣì ń bọ̀, nítorí no-ball kì í wọ iye bọ́ọ̀lù mẹ́fà.

Èyí tó wá dun Áílàndì jùlọ rèé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn balógun méjèèjì ti fẹnu kò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé a máa lo free hit, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé no-ball, bíi ti ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé. Kò sí free hit nínú àwọn òfin méjìlélógójì tí ẹgbẹ́ MCC (Marylebone Cricket Club) ń tọ́jú. Ìlànà ìdíje ni. Lórí free hit, oníbáàtì kò lè jáde ju bó ṣe lè jáde lórí no-ball lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá lu igi rẹ̀ gan-an kì í lé e jáde, kì í sì í kú. Virat Kohli, oníbáàtì India, fi hàn wá ní Melbourne ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí free hit Mohammad Nawaz lu igi rẹ̀ tó sì yí lọ sẹ́yìn, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì sáré gba mẹ́ta kí àwọn ará Pakistan tó lọ bi ọ́ńpáyà léèrè.

Nígbà tí Áílàndì ń ṣọ́ rọ́ọ̀nù méjì, balógun wọn ti tú àwọn ènìyàn rẹ̀ ká lọ sí etí ààlà. Nísinsìnyí tí ẹyọ kan ti tó fún Yaba, ó fẹ́ kó wọn wọlé kí wọ́n dí ọ̀nà ẹyọ náà. Ọ́ńpáyà ní kò gbọdọ̀. Ìlànà ICC sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ yí ìdúró pápá padà fún free hit bí oníbáàtì tó wà lójú kò bá yí padà, oníbáàtì kò sì yí padà. Ká ní àwọn méjèèjì kọjá ara wọn ni, ẹlòmíràn ì bá wà lójú, ọ̀nà ì bá sì là fún un. Ó bínú ju ti ìka lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ká kàn dúró ká máa wò wọ́n ni?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Oníbáàtì rọra ti bọ́ọ̀lù sí àyè tó ṣófo lápá òsì, wọ́n rin ẹyọ kan, Yaba fi wíkẹ́ẹ̀tì méjì borí, nítorí mẹ́jọ péré ló jáde nínú mẹ́wàá.

Àwọn ikọ̀ méjèèjì ti gbà láti ìgbà náà pé bí ayẹyẹ bá wà nínú ọgbà, ọ́ńpáyà ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ wo apá ẹnìkejì rẹ̀ kó tó dáhùn háúsáàtì kankan, àti pé balógun méjèèjì yóò ka ìlànà free hit pọ̀ kí wọ́n tó tọ́sì. Kóòṣì Áílàndì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé ìgbésẹ̀ kẹta kì í ṣe ìsáré. A tún jiyàn rẹ̀ nígbà tí mo bá a pàdé ní Yaba. Mo ní bó bá lè mú ẹnìkan wá tó rí ojú oníbáàtì náà níwájú lẹ́yìn ìgbésẹ̀ yẹn, tí báàtì rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e, èmi náà á pè é ní run out. Ó ní ẹnìkejì rí i. Mo ní ẹnìkejì ń sáré, ilẹ̀ ló ń wò.